Láti Ilé Bẹ̀rẹ̀ Dé Ilé Páànù

Ọ̀rọ̀ ooru ni mo gbé wá bá yín lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, "Tíṣà, kí ni a tún fẹ́ gbọ́ nípa ooru, nígbà tí ó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni a wà?" Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ooru ní ìtàn, ara ilé tí ẹ jókòó sí yìí gan-an ni a sì kọ ìtàn náà sí.

Ní àsìkò ọdún Àjíǹde kan tí kò tíì pẹ́, àwa ọmọ ilé pé jọ sí agbo ilé wa, ní ìlú kékeré kan ní ẹkùn Ọ̀ṣun, láti jíròrò lórí ilé tí ìyá àgbà wa fi sílẹ̀. Apá kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù nínú agbo ilé náà tí ó jẹ́ ògiri alámọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí ó ń ṣòwò ní Èkó, ní kí a wó o palẹ̀, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìgbàlódé síbẹ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan gbà, àwọn kan dákẹ́. Èmi kò mọ èyí tí ǹ bá sọ, nítorí náà mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ààyè títí di ọjọ́ kejì. Ohun tí mo rò ní òru ọjọ́ náà, àti ohun tí mo ti kà tí mo sì ti bi àwọn àgbà láti ìgbà náà wá, òun ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilé àwọn baba ńlá wa ti rí. Kì í ṣe ilé ẹyọ kan tí ó dá dúró. Agbo ilé ni, iyàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyàrá, gbogbo wọn kọjú sí gbàgede kan láàárín, tí kò ní òrùlé lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú iyàrá, tí òpó gbé ró. Ètò yìí ti pẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn tí ń wú ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ ti rí gbàgede tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n to àpáàdì náà ní ìdúró létí ara wọn, láti nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ará Ifẹ̀ a máa sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ náà. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò aláwọ̀ funfun, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, iṣẹ́ ọnà ara òpó àti ilẹ̀kùn àwọn ilé ibẹ̀ wà lára ohun tí ó yà á lẹ́nu.

Amọ̀ ni ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé kì í dá a ṣe. Yóò bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wá. Wọn a gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọn a da omi sí i, àwọn ọ̀dọ́ a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Lẹ́yìn èyí wọn a mọ ìpele kìíní yí ká, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ ìpele kejì lé e. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kọ́lé. Ògiri tí wọ́n bá mọ báyìí a máa nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, nígbà mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé agolo mílíìkì kan àti ìkòkò amọ̀ kan sí oòrùn ní ọ̀sán gangan. Kò ní pẹ́ tí agolo yóò fi gbóná; ìkòkò kò tíì mọ ohun tí ó ń lọ. Ẹ padà wá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Agolo ti tutù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ara ìkòkò, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ògiri alámọ̀ ń ṣe. Ooru tí oòrùn fi lù ú ní ọ̀sán ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ó tó rìn dé ìhà inú, oòrùn ti wọ̀, afẹ́fẹ́ alẹ́ sì ti ń fẹ́. Ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí ìta ń jó ni lẹ́sẹ̀, inú iyàrá tutù.

Òrùlé ńkọ́? Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ìhà Ọ̀yọ́, koríko bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń bolé, ọdún Bẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ ọdún ńlá láàfin Aláàfin. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbòdògì ni. Létí ọ̀sà, imọ̀ ọ̀pẹ. Èyíkéyìí tí ó wù kí ó jẹ́, ohun kan náà ni agbára rẹ̀: koríko gbígbẹ tí a tò nípọn kún fún afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà lọ, irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Etí òrùlé náà tún wálẹ̀ gan-an, tí ó fi jẹ́ pé àgbàlagbà ní láti tẹríba kí ó tó wọlé. Àwọn ọmọdé a máa rò pé nítorí ìbọ̀wọ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n etí òrùlé tí ó wálẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ògiri, kì í sì í jẹ́ kí òjò fọ amọ̀ lọ.

Mo ní láti sọ òtítọ́ fún yín o. Ilé yìí ní àbùkù tirẹ̀. Inú iyàrá ṣókùnkùn. Fèrèsé kéré, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ ní rárá, bí wọ́n bá sì dá iná sínú ilé nígbà òjò, èéfín a fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ènìyàn lójú. Ooru tí ògiri gbé mì ní ọ̀sán, ó ní láti pọ̀ ọ́ ní òru. Nítorí náà, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí gbàgede ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí. Mo máa ń rò ó nínú ara mi pé bí iyàrá bá tutù ní alẹ́ ni, bóyá ìtàn Ìjàpá tí a ó gbọ́ ì bá máà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àbùkù tí ó tóbi jù ni iná. Ẹ̀ta-iná kan láti ibi ààrò, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tó láti jó àdúgbò kan run, nítorí òrùlé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé kejì. Àwọn tí ó lágbára a máa tẹ́ àjà sí iyàrá: wọn a to igi, wọn a sì rẹ́ amọ̀ lé e. Bí bẹ̀rẹ̀ bá jóná, ẹrù tí ó wà lábẹ́ àjà lè yè. Síbẹ̀síbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí iná, bẹ̀rẹ̀ a máa jẹrà, a ó sì tún un bò lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ta ni yóò máa lọ pa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sí ilé-ìwé?

Ibi tí páànù ti bá wa nìyí. Ní ọdún 1829 ni Henry Robinson Palmer, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí irin pẹlẹbẹ tí a ká ní kókóńkòtó kí ó lè le. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel ní ilẹ̀ Faransé gba tirẹ̀ lórí ọ̀nà tí a ń gbà fi síǹkì bo irin kí ó má tètè dípẹtà. Àpapọ̀ iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni páànù tí ó wà lórí yín. Ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọ̀nà rẹ̀ sí òkè rọrùn, nígbà tí owó kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ilé páànù di àmì pé ẹni kan ti là.

Ìyá àgbà wa a máa sọ ti tiwọn fún wa. Iná jó apá kan nínú agbo ilé wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, kí wọ́n tó bí bàbá wa. Ní ọdún tí kòkó tà lẹ́yìn náà, bàbá àgbà ra páànù, ó sì fi bo gbogbo ilé. Wọ́n ní ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ sórí rẹ̀, ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n ń fi ọwọ́ júwe ọ̀rọ̀ sí ara wọn bí odi, ṣùgbọ́n inú wọn dùn, nítorí alẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá àgbà kọ́kọ́ sùn láìbẹ̀rù iná. Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé kan ń fi àwọn àgbà wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fi òrùlé tútù sílẹ̀ gba òrùlé gbígbóná, inú mi kì í dùn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ohun tí a pàdánù kì í ṣe bẹ̀rẹ̀ nìkan. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí agolo mílíìkì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ooru kì í sì í pẹ́ kọjá nínú rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní tuntun, ó ń dán, ó sì ń dá oòrùn padà díẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n fún ìpẹtà, oòrùn náà ni yóò máa mu. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra páànù, iye páànù ni a sì ń kà, nítorí náà a gé etí òrùlé kúrú. Oòrùn rí ògiri lù. Lẹ́yìn èyí a sọ gbàgede di iyàrá fún ayálégbé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pé jọ, ilé wa di ààrò.

Àwọn kan wà tí wọ́n fi ọgbọ́n gba ìgbàlódé. Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n padà bọ̀ láti oko ẹrú ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti Bàhíà wá, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1835. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́hùn-ún. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ wọn, ni ó kọ́ Mọ́sálásí Ṣítà-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Bí ẹ bá wo ilé Àgùdà, ẹ óò rí i pé àjà rẹ̀ ga, fèrèsé rẹ̀ gùn, tí a fi pákó wẹ́ẹ́wẹ́ ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé nígbà tí oòrùn kò lè wọlé. Lókè ilẹ̀kùn iyàrá, wọn a gé pákó ní àrà, tí ihò wà nínú rẹ̀. Ẹwà nìkan kọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, ihò náà sì ni ó ń gbà jáde. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, èyí tí a ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar ní gbàgede Tinúubú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Wọ́n wó o ní ọdún 1936 lé 80, èyí ni 2016.

Àwọn kejì ni àwọn tí ó ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn lónìí. Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kọ́ ilé náà gùn ní tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ kò ju iyàrá kan lọ, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ojú fèrèsé kan wọlé lè gba òdì kejì jáde. Wọ́n kọ ojú gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù, kí ó lè jẹ́ pé orí kúkúrú ni oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ yóò máa lù. Wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù oníhò ṣe ògiri níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibòòji wà, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá. Ní ọdún 1956 wọ́n kọ ìwé lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tútù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà wa ni mo rántí.

Ẹ̀rọ amúlétutù kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Willis Carrier, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1902, kì í sì í ṣe nítorí ènìyàn: ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ni ó ṣe é fún, nítorí ọ̀rinrin ń ba ìwé wọn jẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Fáànù òkè àjà kì í sábà jẹ ju nǹkan bí wáàtì 80 lọ. Amúlétutù ilé lè jẹ wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tí amúlétutù jẹ ní wákàtí kan, fáànù lè fi ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà tí wọ́n pè ní Band A fò láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 lórí ẹyọ kan. Díẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Epo tí a ń bù sínú jẹnẹrétọ̀ ti kọ́kọ́ gbówó lórí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ilé tí kò lè tutù bí kò sí iná, owó ni ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ yóò máa fi fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Ẹ wo fèrèsé pẹ̀lú. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, fèrèsé lúfà ni ó wà káàkiri, gíláàsì rẹ̀ tò lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Bí a bá ṣí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojú fèrèsé ni ó ṣí. Lónìí, fèrèsé alumíníọ̀mù tí a ń fà sí ẹ̀gbẹ́ ni ó gbòde. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí a bá fà á títí, ìdajì ni yóò ṣí, nítorí gíláàsì kan ní láti dúró sí ẹ̀yìn èkejì. A sanwó fèrèsé odindi, a gba afẹ́fẹ́ ìdajì. Bí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ béèrè èyí tí ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ yìí, a gé páànù àtijọ́ méjì, a kun ọ̀kan ní ọ̀dà funfun, a sì fi èkejì sílẹ̀ pẹ̀lú ìpẹtà rẹ̀. A gbé méjèèjì sí oòrùn. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sí èyí tí ó pọ́n. Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Sà, kí ló dé tí ẹ kò kun òrùlé kíláàsì wa?" Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí pé kíláàsì náà kò ní àjà, láti agogo kan ọ̀sán sì ni àwọn ọmọ ti ń sùn lórí tábìlì. Àwọn òbí dá owó ọ̀dà jọ. A fi í kun òrùlé náà nígbà ìsinmi, a sì gbin máńgòrò méjì sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìpàdé ilé wa. Iná lọ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní yẹn, jẹnẹrétọ̀ kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a tún jókòó, mo bi ẹ̀gbọ́n wa pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ sùn lánàá?"

Wọ́n wò mí títí. "Ìwọ tíṣà yìí," ni wọ́n wí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, nítorí a ti jọ rí wọn ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń ká ẹní kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà.

Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n ṣìnà pátápátá. Iyàrá náà nílò ìmọ́lẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ti jò. A jọ fẹnu kò pé a ó fi ògiri sílẹ̀, a ó gé fèrèsé sí ìhà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, a ó pààrọ̀ páànù, a ó sì tẹ́ àjà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ni yóò ra páànù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, káfíńtà wá wọn ilé. Ó bi wá bóyá a fẹ́ kí etí òrùlé mọ sí ibi tí ó wà, tàbí kí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iye páànù yóò pọ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n wa ni ó dá a lóhùn. Wọ́n ní kí ó gùn.